Ẹ má gbé màmá gun Caen Hill

Ẹ ní ẹ fẹ́ háyà ọkọ̀ tóóró (narrowboat, ọkọ̀ ojú omi gígùn tí èèyàn lè sùn nínú rẹ̀) fún ọjọ́ mẹ́ta ní Bradford-on-Avon, lórí odò àtọwọ́dá Kennet and Avon ní England, kí ẹ gbé màmá àtàwọn ọmọ méjì dé Devizes, kí ẹ sì padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀nà náà ò jìn lójú máàpù, àmọ́ lock (yàrá omi tó ní géètì níwájú àti lẹ́yìn, tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀) ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe máìlì: 2 ní Semington, 5 ní Seend, 29 ní Caen Hill, òkè tó wà lẹ́nu Devizes. Gbogbo ẹ̀ náà lẹ ó tún bá lábọ̀. Caen Hill nìkan lè gbà yín ní wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ̀yìn yín ni ẹ ó sì fi ti àwọn géètì onígi yẹn.

Bath ni kí ẹ kọrí sí. Tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú lock Bradford, kò sí òmíràn mọ́ fún nǹkan bíi máìlì 9. Ẹ ó gba orí afárá olómi méjì tí John Rennie ṣe, Avoncliff àti Dundas, odò Avon á sì máa ṣàn lábẹ́ ọkọ̀ yín. Màmá á jókòó síwájú, á máa wo pẹ́pẹ́yẹ.

Àmọ́ lock kan ṣoṣo yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Nísàlẹ̀ géètì òkè, pèpéle òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní cill. Tí omi bá kún, ẹ ò ní rí i. Èmi tó yẹ kí n di ìtọ́kọ̀ mú ń ya fọ́tò àwọn ọmọ. Ọkọ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí omi ti ń fà, ìdí ọkọ̀ jókòó sórí cill, imú rẹ̀ ń lọ ìsàlẹ̀, abọ́ ń já lulẹ̀ nínú ilé ìdáná. Mo pariwo, ìyàwó mi ò gbọ́, ariwo omi ti bò mí. Bàbá òyìnbó kan tó ń mú ajá rìn ló sáré ti paddle ìsàlẹ̀ (ilẹ̀kùn kékeré tí omi ń gbà kọjá), tó wá rọra ṣí tòkè kí omi lè padà wọlé gbé wa sókè. Ọlọ́run ló yọ wá. Àwọn ọmọ mi wà níwájú ọkọ̀ yẹn.

Ìlà funfun tẹ́ ẹ bá rí lára ògiri ń sọ ibi tí cill dé. Kí gbogbo ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú ò gbọdọ̀ ṣe nǹkan mìíràn, ẹni tó wà nídìí paddle ò sì gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ṣe àmì láàárín ara yín, ohùn ò ní dé ibẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó háyà ọkọ̀ fún yín ibi tẹ́ ẹ ti lè yí padà. Ọkọ̀ gùn ju fífẹ̀ odò àtọwọ́dá náà lọ, kì í ṣe ibi gbogbo ló ṣeé yí.