Ọmọ àbúrò mi ń pè mí ní Mọ́mì, ìyá rẹ̀ sì ti fẹ́ dé láti ẹ̀wọ̀n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin ní Kirikiri ni àbúrò mi bí ọmọ rẹ̀ sí. Nígbà tí ọmọ pé ọdún kan ààbọ̀, wọ́n ní kí n wá gbé e. Ó ti di ọmọ ọdún 5, èmi ló ń pè ní Mọ́mì. Lóṣù tó ń bọ̀ ni àbúrò mi máa jáde, ó sì ní ọjọ́ náà gan-an lòun máa gbé ọmọ òun lọ. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Iṣẹ́ ìwádìí mi ni láti máa tẹ̀ lé àwọn ìyá tó ti ẹ̀wọ̀n dé, ìbéèrè yín sì ni mo ń gbọ́ jù.

Ìlànà ọgbà ẹ̀wọ̀n gbà kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí dé oṣù 18, ó parí. Ọmọ tó ń rìn tàgétàgé tó fà lé yín lọ́wọ́ nígbà yẹn ló ṣì wà lójú àbúrò yín. Obìnrin kan tí mo bá sọ̀rọ̀ fi owó ìlẹ̀kẹ̀ tó sín nínú ọgbà ra bàtà fún ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó délé, ẹsẹ̀ ọmọ kò wọ̀ ọ́ kọjá ìdajì. Ó ní òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà lòun wọ yàrá lọ.

Nítorí náà, ẹ má gbé ọmọ fún un lọ́jọ́ náà, ẹ má sì sọ pé ẹ kò ní gbé e fún un. Bí ààyè bá wà, kí òun ló wá bá ọmọ nílé yín fún oṣù mélòó kan. Kó máa wẹ̀ ẹ́, kó máa dirun fún un, kó máa mú un lọ síléèwé. Bí ọmọ bá wá tọrọ bisikíìtì lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó lọ bi màmá rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa dùn yín jù, mo mọ̀. Kò sídìí tí ẹ fi máa ní kó má pè yín ní Mọ́mì mọ́; láàárín àwa Yorùbá, ọmọ tó ní ìyá méjì kì í ṣe nǹkan tuntun.

Ẹ má parọ́ fún ọmọ pé Lọ́ńdọ̀nù ni ìyá rẹ̀ ti ń bọ̀ o. Ọmọ aládùúgbò kan á tú u fún un.

Ẹ ṣe sùúrù fún àbúrò yín náà. Bó bá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń retí kí ẹnìkan ṣí i, ẹ má bínú. Ọdún mélòó ni ẹlòmíràn fi ń ṣílẹ̀kùn fún un! Ọkùnrin lè ti ẹ̀wọ̀n dé kó bá ìyàwó àti ọmọ nílé. Obìnrin kì í sábà bá ọkọ nílé. Ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bíi tiyín ló máa ń wà pẹ̀lú ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà. Nínú ẹlẹ́wọ̀n 100 ní Nàìjíríà, obìnrin kò ju bíi 2 lọ, ètò tí wọ́n ṣe fún wọn kò sì pọ̀. Kí àbúrò yín béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà rere kó tó jáde. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 2019 ló ní wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀wọ̀n ṣe ẹ̀tanú sí ẹni tó bá gbà á. Bó bá ń wáṣẹ́, á wúlò.

Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ dìjà, ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ lọ, kì í ṣe tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Bí kò bá sí ìwé ilé ẹjọ́ tó sọ ohun mìíràn, àbúrò yín ni òfin mọ̀ ní ìyá ọmọ.

Ẹ mú ọmọ lọ wo ìyá rẹ̀ lọ́gbà kí oṣù tó ń bọ̀ tó pé. Ẹ sì sọ nọ́ńbà bàtà tí ọmọ ń wọ̀ báyìí fún un.