Fọ́tò ẹja wúwo lórí wẹ́bùsáìtì, ṣé àfi Photoshop?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, mò ń ṣe wẹ́bùsáìtì fún màmá kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Fóònù ni mo fi ya àwọn fọ́tò ẹ̀, àmọ́ tí mo bá ṣí sáìtì náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ, lógò wọn náà sì gbé páálí funfun kan sẹ́yìn. Wọ́n ní àfi kí n máa sanwó Photoshop lóṣooṣù, RAM láptọ́ọ̀pù mi ò sì ju 4GB lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Má tíì san kọ́bọ̀. Photoshop dáa, mi ò ní purọ́, láti 1990 ló ti wà níta, àwọn tó ń fi jẹun mọ ìdí tí wọ́n fi ń sanwó ẹ̀, àmọ́ ohun tó ń ṣe ẹ́ yìí ò kan sọ́fítíwia tó o ò ní, bó o ṣe ń gbé fọ́tò jáde ni.

Kámẹ́rà 12 megapixel máa ń ya fọ́tò tó fẹ̀ tó 4000 pixel (àwọn àmì àwọ̀ wínníwínní tó para pọ̀ di fọ́tò) tó sì ga tó 3000, bẹ́ẹ̀ ojú fóònù ọ̀pọ̀ oníbàárà ò fẹ̀ ju 1080 lọ. Tó o bá wá fi CSS, kóòdù tó ń sọ bí ojú sáìtì ṣe máa rí, fún un pọ̀ kó lè gba ojú fóònù, ojú lásán ló kéré sí, fáìlì 4MB yẹn náà ni fóònù wọn ṣì máa fà wálẹ̀ tán pátápátá, dátà wọn ló ń jẹ, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú níbí tó kàn fẹ́ mọ iye tí ọ̀bọ̀kún ń lọ ò ní dúró dè é.

Gba GIMP, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ṣí fọ́tò náà, lọ sí Image, tẹ Scale Image, kọ 1200 sí width, height á tún ara ẹ̀ ṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: tó o bá tẹ Save, fáìlì .xcf ló máa fún ẹ, búráósà ò sì lè ṣí ìyẹn. Export As ni kó o tẹ̀, mú WebP tàbí JPEG, oríṣi fáìlì fọ́tò tí búráósà lè ṣí, fa quality wá sí 75 tàbí 80, ojú èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ ní mọ ìyàtọ̀. WebP yìí, Google ló gbé e jáde ní 2010, ó sì sábà máa ń fúyẹ́ ju JPEG lọ. Jọ̀ọ́, yọ àmì kúrò lára Exif, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí fóònù ń fi pamọ́ sínú fọ́tò, kó o tó gbé e jáde, torí tí location bá wà lórí fóònù nígbà tó o ya ẹja nílé màmá yẹn, ibi tí ilé wọn wà lè wà nínú fọ́tò tí gbogbo ayé ń wò, mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe wọ́n o.

Ti RAM, GIMP á ṣiṣẹ́, ṣáà máa ṣí fọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan, kó o sì dín in kù kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í to layer (ìpele àwòrán) léra, torí layer kan ṣoṣo ní 4000 sí 3000 máa ń gbà tó 48MB nínú RAM. Tí ìyẹn náà bá le jù, Photopea wà, inú búráósà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣí PSD, fáìlì Photoshop, pàápàá.

Lógò ńkọ́? JPEG ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní transparency, ìyẹn kí ẹ̀yìn àwòrán ṣófo láìní àwọ̀, dandan ni kó kun ẹ̀yìn. PNG àti WebP mọ̀ ọ́n. O lè fi Fuzzy Select gé funfun yẹn kúrò lẹ́yìn tó o bá ti fi Alpha Channel, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn lè ṣófo, sí i, àmọ́ etí ẹ̀ kì í mọ́ dáadáa, ó máa ń ṣẹ́ funfun wínníwínní kù, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn ni fáìlì SVG: ìlà ni, kì í ṣe pixel, bó o bá fẹ̀ ẹ́ tó ilé kò ní di bàìbàì. Inkscape ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Má sì kọ iye owó ẹja sórí fọ́tò, jọ̀ọ́. Owó ẹja ń yí padà, ṣé ojoojúmọ́ lo fẹ́ máa tún fọ́tò ṣe? Inú HTML, kóòdù tí ọ̀rọ̀ ojú sáìtì wà, ni kó o kọ ọ́ sí. Tó bá wá di dandan kó o kọ̀wé sórí báńà, tọ́jú .xcf ẹ̀ kí layer ọ̀rọ̀ náà má baà pa rẹ́, kó o sì kọ́kọ́ fi orúkọ ìlú yín dán font náà wò: tẹ Ẹ̀pẹ́ síbẹ̀, tí àmì bá fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó di páálí kékeré, ju font yẹn nù, lo Noto Sans. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí sáìtì ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ orúkọ oníṣòwò láìlámì torí font lásán.

Lọ́la, kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, bi màmá yẹn pé ta ló tẹ káàdì fún wọn. Ó ṣeé ṣe kí lógò náà ṣì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún nínú CorelDRAW, ní kó gbé e jáde sí SVG fún ẹ, kó sì jẹ́ RGB, ètò àwọ̀ tí ojú fóònù ń lò, torí CMYK tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lè mú kí àwọ̀ ẹ̀ yí padà nínú búráósà.