Ẹ̀gbọ́n, Ṣé Olóko Kò Ní Lé Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti ń gbé Manchester, a ò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ ìgbèríko rí. Àwọn ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún 9. Tíṣà wọn sọ̀rọ̀ abúlé Edale fún wọn, láti ìgbà náà wọn ò jẹ́ ká sinmi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé inú oko olóko ni àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀ gbà. Ṣé olóko kò ní lé wa? Tí wọ́n bá rí àwa aláwọ̀ dúdú láàárín pápá, ṣé wọn ò ní pe ọlọ́pàá? Ọ̀nà wo sì ni àwọn ọmọdé lè rìn? — Ìyá Ìbejì, Manchester

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ẹ̀jìrẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yẹn, torí òun gan-an ló dè mí mọ́lé fún ọdún mẹ́ta gbáko nígbà tí mo dé Sheffield. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo òkè láti ojú fèrèsé, mi ò sì lè lọ.

Ọ̀nà tí ẹ bá rí pátákó "Public Footpath" létí rẹ̀, ọ̀nà gbogbo ayé ni lábẹ́ òfin. Olóko ló ni ilẹ̀, àmọ́ kò láṣẹ láti dí ọ̀nà. Bó bá tilẹ̀ fi katakata tú oko rẹ̀, tó sì tú ọ̀nà tó la àárín oko kọjá mọ́ ọn, ọjọ́ 14 ni òfin fún un láti tún ọ̀nà náà ṣe, kó hàn ketekete, kó sì fẹ̀ tó mítà 1 ó kéré tán. Tí kò bá ṣe é, ìjọba ìbílẹ̀ ni ẹ ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Tí ẹ bá rí pátákó "Private" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pápá tó wà lọ́tùn-ún lósì ló ń bá wí, kì í ṣe ibi tí ẹ fẹsẹ̀ lé. Ẹ wo ara òpó géètì dáadáa, ẹ ó rí ike róbótó kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ yín lọ, ọfà wà lára rẹ̀. Bí ọfà bá jẹ́ yẹ́lò, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ni ọ̀nà. Bó bá jẹ́ búlúù, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà lè gbà á.

Ọkùnrin kan dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan nínú oko rẹ̀. Ó ní níbo ni mò ń lọ. Àyà mi já. Mo tẹ́ máàpù sílẹ̀ lórí géètì, mo fi ìka tọ àwọn ilà kéékèèké aláwọ̀ ewé tó fi ọ̀nà hàn, láti ibi tí a dúró dé abúlé kejì. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó sì ṣí géètì. Mo kí i, mo kọjá. Ìyá Ìbejì, mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ògiri, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé mo ní nǹkan ní ilẹ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ sọ fún àwọn ìbejì pé àwọn èèyàn ló jà fún ẹ̀tọ́ láti rìn yìí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1932, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Manchester, Benny Rothman, ọmọ ogún ọdún, kó bí irínwó èèyàn gun Kinder Scout, òkè tó wà lókè Edale, láìgbàṣẹ. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń yìnbọn pa ẹyẹ níbẹ̀ ti sé e mọ́ gbogbo èèyàn. Wọ́n sọ márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n, oṣù méjì sí mẹ́fà. Ní 1951, agbègbè yẹn kan náà di ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè (national park) àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peak District. Lónìí, òfin ọdún 2000 ti jẹ́ kí èèyàn lè rìn káàkiri orí Kinder, kódà níbi tí kò sí ọ̀nà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká rìn. Láti Manchester, ọkọ̀ ojú irin á gbé yín dé Edale láàárín bí ìṣẹ́jú 45. Kinder ga tó mítà 636, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Òkè tó kọjú sí i ni kí ẹ mú àwọn ọmọ lọ. Ẹ gba ojú ọ̀nà àfonífojì, ẹ sọdá odò kékeré Noe, kí ẹ gun òkè dé Hollins Cross. Ibẹ̀ ni àwọn ará Edale máa ń gbé òkú wọn gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Castleton, kí wọ́n tó kọ́ ilé ìjọsìn tiwọn ní ọ̀rúndún 17. Ẹ ro bí yóò ti rí, pósí lórí èjìká, nínú òjò dídì! Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ máa tẹ̀lé òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sílẹ̀ títí dé Mam Tor, mítà 517. Wọ́n ní orúkọ yẹn túmọ̀ sí Òkè Ìyá. Òkè náà máa ń ya lulẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọ̀nà ọkọ̀ tó fà ya pátápátá, tí wọ́n pa tì ní 1979. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí ẹ ṣe wá náà ni kí ẹ padà. Kò ju bíi máìlì 5 lọ lápapọ̀, àmọ́ ẹ fi wákàtí mẹ́rin sí i, torí ọmọdé kì í rìn láìdúró wo nǹkan.

Géètì kan wà tí yóò rú yín lójú. Wọ́n fi ọgbà kékeré yí ẹnu rẹ̀ ká, géètì yẹn kì í sì í ṣí tán. Ẹnì kan á wọlé sínú ọgbà náà, á fẹ̀yìn lẹ ọgbà, á ti géètì gba iwájú ara rẹ̀ kọjá, á sì jáde lódì kejì. Èèyàn lè yíra, màlúù kò lè yíra. Géètì yòókù, bí ẹ bá bá a ní pípa, ẹ pa á padà. Bí ẹ bá bá a ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ẹran ń gbà lọ mumi. Tí ẹ bá rí abo màlúù tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe gba àárín wọn. Ẹ yà fún wọn, kódà bí ẹ bá ní láti kúrò lójú ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Mo ní máàpù lórí fóònù mi. Ṣé dandan ni kí n ra ti bébà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Nottingham

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, rà á. Máàpù Explorer ti Ordnance Survey ni kí o rà, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Nọ́ńbà èyí tó ní Edale ni OL1. Lórí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 4 dúró fún kìlómítà 1, ó sì ń fi ògiri oko hàn. Landranger, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ píńkì, kì í fi ògiri hàn, ògiri yẹn ló sì gba ẹ̀mí mi là.

Oṣù Kẹrin ni, èmi nìkan ni. Mo wọ jíìnsì, mo gun àtẹ̀gùn òkúta Jacob's Ladder tó wà lójú ọ̀nà Pennine Way, ọ̀nà tó gùn tó máìlì 268 láti Edale títí dé Scotland. Kí n tó dókè, kùrukùru ti bo gbogbo rẹ̀. Jíìnsì mu omi, ó wúwo bí ẹrù, itan mi kú tipiri. Fóònù tutù títí tó fi kú. Bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ ló bá mi níbi ògiri òkúta kan tí mo jókòó tì. Bàbá náà tẹ́ máàpù sórí orúnkún rẹ̀, ó mú ìka ọwọ́ ọ̀tún mi lé ilà dúdú tín-ín-rín kan, ó sì mú ọwọ́ òsì mi lé ògiri. Ó ní, "Nǹkan kan náà ni." Ògiri yẹn ni a tọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, má wọ jíìnsì. Mú aṣọ òjò, iná ọwọ́ àti fèrè dání. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún un fun. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́, pe 999, sọ pé ọlọ́pàá lo fẹ́, kí o wá béèrè fún Mountain Rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè. Kí o tó kúrò nílé, fi ọ̀rọ̀ "register" ránṣẹ́ sí 999, kí o lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè wọ́n níbi tí ohùn kò bá ti lè kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè mú ajá mi lọ, kí n sì tú u sílẹ̀ lórí òkè? — Bàbá Àgbà, Derby

ÌDÁHÙN: Ẹ mú un lọ, bàbá, àmọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 31 oṣù Keje, okùn tí kò gùn ju mítà 2 lọ ni òfin ní kí ẹ fi dè é lórí ilẹ̀ gbangba bíi Kinder. Ìgbà yẹn ni ẹyẹ ń yé sórí ilẹ̀. Curlew wà lára wọn, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ bí dòjé. Inú koríko lásán ló ń kó ẹyin rẹ̀ sí, àwọ̀ wọn jọ ti ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ yín lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìrí i. Ajá á rí i. Níbi tí àgùntàn bá wà, ẹ má tú u sílẹ̀ nígbàkigbà láàárín ọdún. Màlúù nìkan ló yàtọ̀: bí wọ́n bá sáré tọ̀ yín bọ̀, ẹ ju okùn sílẹ̀ kíá. Ajá ni wọ́n ń lé, ajá sì lè sáré jù wọ́n lọ.