Ṣé adé ló ń sọni di ọba? Ìtumọ̀ ìgbadé Ọba Charles nínú òfin

Ìbéèrè: Ọbabìnrin Elizabeth kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ti ń pe Charles ní ọba. Kí wá ni adé tí wọ́n fi dé e lórí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 wà fún? Ṣé kò tíì jọba tán ni?

Ìdáhùn: Ó ti jọba tán. Bí ìyá rẹ̀ ṣe tẹ́rí gbaṣọ ní Balmoral, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kà á sí ọba. Ìgbìmọ̀ tó pé jọ sí ààfin St James's ní ọjọ́ 10 kò yàn án, kíkéde ni wọ́n kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Ẹ wo Edward Kẹjọ. Oṣù Kìíní ọdún 1936 ló gorí ìtẹ́, oṣù Kejìlá ọdún kan náà ló sì fi í sílẹ̀. Wọn kò dé adé kankan lé e lórí, síbẹ̀ ọba ni, òfin tó sì fọwọ́ sí, òfin gidi ni. Ọjọ́ tí wọ́n ti dá fún ìgbadé tirẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1937, ni wọ́n fi dé adé fún àbúrò rẹ̀, George Kẹfà.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti rú ẹ lójú, nítorí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọba bá wàjà lọ́dọ̀ wa, ìtẹ́ a máa ṣófo lóòótọ́. Ìdílé tí ó kàn á fa ọmọ oyè kalẹ̀, àwọn afọbajẹ á mú ẹnì kan, ìjọba ìpínlẹ̀ á fọwọ́ sí i, ìpèbí ń bẹ, ètùtù ń bẹ, bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń tò ó. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, oṣù díẹ̀ ṣáájú Elizabeth. Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó gbé ọ̀pá àṣẹ lé Ọba Akeem Owóadé lọ́wọ́, ayẹyẹ ìgbadé sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹrin. Láàárín gbogbo àkókò yẹn, kò sí Aláàfin. Àwa náà ń sọ pé ọba kì í kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni lẹ́nu wa. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni: ìtẹ́ kò gbọdọ̀ ṣófo, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan.

Tí adé kò bá sọ ọ́ di ọba, kí ló wá ṣe? Lójú tèmi, ìbúra ni ojúlówó ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, òun sì ni àwọn tó ń wòran kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí, nítorí wúrà ń kọ mànà lójú wọn. Ọba James Kejì gbà pé òun lè ti òfin tí àwọn aṣòfin ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sá lọ ní ọdún 1688. Nígbà tí wọ́n fi William Kẹta àti Mary Kejì sórí ìtẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin tún ọ̀rọ̀ ìbúra náà kọ, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin. Tẹ́lẹ̀, ọba a máa búra láti pa àwọn òfin mọ́ tí àwọn ọba fún aráàlú, bí ẹni pé ẹ̀bùn ni. Láti ìgbà náà lọ, yóò búra pé òfin tí ilé aṣòfin fohùn ṣọ̀kan lé lórí lòun yóò fi ṣàkóso. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Ní ọdún 1701, wọ́n tún ṣòfin tó sọ ẹni tó lè jọba àti ẹni tí kò lè jẹ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tọ́ Charles sí ìtẹ́ ti wá.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ní Westminster Abbey, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby bi Charles bóyá yóò ṣàkóso gẹ́gẹ́ bí òfin àti àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì dáhùn pé òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé Bíbélì, ó fẹnu kò ó, ó sì buwọ́ lùwé. Ẹ kíyè sí ètò rẹ̀: ẹ̀yìn ìbúra ni wọ́n ta òróró sí i, ẹ̀yìn òróró sì ni adé. Òróró yẹn, tí wọ́n fi aṣọ bo ọba kí wọ́n tó fi yàn án, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Adé ọdún 1661 tó wọ̀n ju kílò méjì lọ, àmì ni.

Ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, ìbúra níwájú ilé aṣòfin gan-an ló ń sọ ènìyàn di ọba. Baudouin kú ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1993, Albert Kejì kò sì di ọba títí tó fi búra ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Wọn kì í dé adé rárá.

Ohun tó sún mọ́ wa jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Nígbà tí Elizabeth gbadé ní oṣù Kẹfà ọdún 1953, wọ́n dárúkọ Kánádà, Ọsirélíà àti Pakísítánì nínú ìbúra rẹ̀. Wọn kò dárúkọ Nàìjíríà, a kàn wà nínú "àwọn ilẹ̀ ìní" rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ó di Ọbabìnrin Nàìjíríà, láìsí adé, láìsí òróró, láìsí ìbúra tuntun. Òfin òmìnira wa ló fi í jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, òfin tuntun sọ wá di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba lórí, Nnamdi Azikiwe di ààrẹ. Adé ṣì wà lórí Elizabeth ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà, kò sì jẹ́ Ọbabìnrin Nàìjíríà mọ́.