Otorhinolaryngology: sílébù rẹ̀, ibi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́, àti gbòǹgbò rẹ̀

Ìbéèrè náà ni pé sílébù mélòó ló wà nínú otorhinolaryngology (ẹ̀ka ìṣègùn tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun), èwo ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ̀ jù, kí sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà?

Mẹ́sàn-án ni: o-to-rhi-no-la-ryn-GO-lo-gy. Ìkeje ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ má ṣe fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tiwa wọ̀n ọ́n o. Ṣe ni wọ́n ń fi agbára pe sílébù yẹn ju àwọn yòókù lọ. H inú rhi kì í dún rárá.

Èdè Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ous ni etí, rhis ni imú, larynx ni gògóńgò, logos sì ni ọ̀rọ̀. Báwo wá ni ous ṣe di oto? Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé "ti etí", otos ni wọ́n ń wí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ot- mú. Bákan náà ni rhis ṣe di rhinos, tí larynx di laryngos. X ìdí larynx yẹn, g àti s ló lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bí s ṣe kúrò ni g yọjú. (Rhin- yìí náà ló wà nínú rhinoceros, ẹranko tí ìwo hù sí lórí imú.) Fáwẹ́lì o tó so wọ́n pọ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan, okùn ìdè lásán ni.

Sílébù GO gan-an ló wù mí jù. G rẹ̀, ti laryng- ni. O rẹ̀, ti okùn ìdè. Ẹ wo "gbé ọmọ" tó di "gbọ́mọ": gb wá láti ara gbé, ọ wá láti ara ọmọ, ẹnu sì pè wọ́n pọ̀ ní sílébù kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gé ọ̀rọ̀ sí gbòǹgbò àti ẹni tó ń gé e sí sílébù kì í fi gé e síbì kan náà.

Láti ìdí ni a sì ti ń ka ibi títẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -ology, ìkẹta láti ẹ̀yìn ni: o-TO-lo-gy, rhi-NO-lo-gy. LA ni wọ́n ń tẹ̀ nínú larynx, àmọ́ bí -ology ṣe dé, ó sá lọ sí GO. Tí ẹnu yín bá ń kọsẹ̀, ẹ ti ìdí pè é: GO-lo-gy, ryn-GO-lo-gy, la-ryn-GO-lo-gy, títí ẹ ó fi dé orí.