Ṣé kí àwọn ọdẹ mi bẹ ọ̀tá wọn lọ́wẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ìtàn kan ni mò ń kọ. Ọdẹ mẹ́ta fẹ́ pa ejò ńlá kan, agbára wọn kò ká a. Mo fẹ́ kí wọ́n lọ bẹ ọkùnrin tó dáná sun abúlé wọn lọ́jọ́sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò ṣeé gbà gbọ́. Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ó ṣeé gbà gbọ́ dáadáa. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ bí ìlú rẹ ṣe gba orúkọ. Àwọn àgbà ní inú ìdè ni ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ògúnlọlá wà lọ́dọ̀ Aláàfin, torí ó pa èèyàn, kó tó lọ kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló gbé bọ̀, ibẹ̀ ni orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti wá.

Ti Fágúnwà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Kàkó Oníkùmọ̀-Ẹkùn wà lára àwọn ọdẹ tó ń lọ sí Òkè Láńgbòdó. Obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kó má lọ. Ó fi àdá pa á, síbẹ̀ àwọn ọdẹ yòókù bá a lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa ìwé náà dé kí n tó lè kà á lọ.

Iṣẹ́ tìrẹ nìyí: ta ni yóò sùn ti ọkùnrin yẹn lóru àkọ́kọ́? Jẹ́ kó jẹ́ ọdẹ tí ilé ìyá rẹ̀ jóná. Kó máa wo ọwọ́ ọkùnrin náà bó ṣe ń fẹ́ná tí wọn ó fi sun iṣu. Má tètè jẹ́ kí ọkùnrin náà ronú pìwà dà o. Agbára rẹ̀ ni wọ́n wá. Tí o bá kọ ibẹ̀ tán, fi ránṣẹ́ sí mi.