Kí ni ìtumọ̀ cempasúchil, òdòdó tí wọ́n ń dà sílẹ̀ de òkú ní Mẹ́síkò?

Ẹnì kan ló béèrè pé òun ń lọ sí Mẹ́síkò níparí oṣù kẹwàá, òun sì rí i nínú fídíò pé wọ́n máa ń da òdòdó kan sílẹ̀ láti ojú títì wọnú pálọ̀, cempasúchil lorúkọ ẹ̀, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀, ṣé ètùtù ni, ṣé èèyàn lè tẹ̀ ẹ́?

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, torí orúkọ yẹn ni mo máa ń fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó bá ń lọ síbẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Kì í ṣe Sípáníìṣì o. Èdè Nahuatl ni, èdè àwọn Mexica tó ni ìlú Tenochtitlan káwọn ará Sípéènì tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1521, àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ ṣì ń sọ ọ́ dòní. Cempohualli ni ogún, nọ́ńbà 20, xochitl ni òdòdó. Òdòdó ogún. Ẹ má wulẹ̀ máa ka ewé ẹ̀ bóyá á pé ogún, púpọ̀ ni ogún yẹn dúró fún, torí ewé ẹ̀ ki lórí ara wọn dé ibi pé ẹ ò ní rí àárín ẹ̀.

Ibi tó ti wọ̀ mí lára nìyí: ogún làwọn náà fi ń kà bíi tiwa. Ogójì wa, ogún méjì ni, ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Tiwọn ni ompohualli, ogún méjì, epohualli, ogún mẹ́ta, tó bá wá di ogún lọ́nà ogún, irínwó nìyẹn, centzontli, òun náà ni wọ́n sì ń pe ohun tí ò lóǹkà. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó máa ń sín ẹyẹ yòókù jẹ, cenzontle ni wọ́n ń pè é, olóhùn irínwó. Ìràwọ̀ apá gúúsù ojú ọ̀run, irínwó ni wọ́n pè wọ́n, òrìṣà sì ni wọ́n kà wọ́n sí. Ẹni tó bá ti gbọ́ irínwó irúnmọlẹ̀ lẹ́nu àgbà nílé, orí ẹ̀ á wú. Mi ò ní a jọ tan o, ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ gbogbo èèyàn, ogún náà ni.

Tó bá wá kan ìdí tí wọ́n fi ń dà á sílẹ̀, kì í ṣe ètùtù, àlejò ni wọ́n ń retí. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni ti àwọn ọmọdé tó ti kú, ọjọ́ kejì ni tàwọn àgbà, wọ́n gbà pé wọ́n ń bọ̀ wá kí ilé lóòótọ́. Òdòdó yẹn pupa bíi pupa ẹyin (wọ́n tiẹ̀ máa ń fi sóúnjẹ adìyẹ kí ẹyin ẹ̀ lè pupa dáadáa), bẹ́ ẹ bá fi ìka méjì rún un, òórùn ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, àwọ̀ yẹn àti òórùn yẹn ni òkú fi ń mọ̀nà délé. Wọ́n á gbé omi sílẹ̀ torí pé òùngbẹ ti gbẹ ẹ́ lọ́nà, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á se oúnjẹ tó fẹ́ràn jù nígbà tó wà láyé, wọ́n á gbé fọ́tò ẹ̀ sókè.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá dé Mixquic tàbí Janitzio, ibi méjì tí ọdún àwọn òkú yìí ti lókìkí ní Mẹ́síkò, tẹ́ ẹ rí i nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ẹ má tú u ká, ẹni tó dà á kúnlẹ̀ ṣe é ni, ìyá ẹ̀ ló ń retí. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wọlé, ẹ wọlé, tẹ́ ẹ bá sì ti ra ìdì kan lọ́jà kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ kó o fún onílé, yóò bá yín wá àyè fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò yẹn.